Mo Rán Àlájà Lọ Wádìí Obìnrin Orí Fóònù

Ọmọ mi obìnrin ló gba fóònù lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn tí a jẹun tán. Ó ní kí n wo iwájú, kí n má lejú bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ fún ìwé ìrìnnà. Mo wo iwájú. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ni kí n rín in sí. Ó ní, "Dádì, ẹ ṣáà rẹ́rìn-ín." Nígbà tí yóò fi dá fóònù padà fún mi, mo ti wà lórí ìkànnì kan tí àwọn àgbàlagbà tó dá wà ti ń wá ẹni tí wọn yóò jọ máa gbé ayé. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, pé ìyàwó mi ti di olóògbé, pé mo kàwé ní yunifásítì, pé mo sì fẹ́ràn láti máa rìn ní àárọ̀. Irọ́ ni ti ìrìn àárọ̀. Láti ilé mi ní Abúlé Òkúta dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìkángun àdúgbò ni ìrìn mi máa ń mọ.

N kò bínú sí i. Obanikoro ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì jìnnà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í jẹ́ kó ráyè. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó ti ṣílẹ̀kùn bá mi níbi tí mo ti ń bá ọkùnrin tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n jiyàn. Mo ti ń sọ fún ọkùnrin náà pé kó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Àìrẹ́rìn-ín rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti le. Bí n kò bá rí ẹnìkan tí yóò máa dá mi lóhùn, ó ku díẹ̀ kí n gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ kì í rí báyìí. Ọkùnrin tó bá rí obìnrin tó wù ú kì í lọ bá a ní tààrà, alárenà ni yóò wá. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá ló ṣe alárenà fún èmi àti ìyàwó mi, ó sì jẹ púfpúfù wa títí aṣọ rẹ̀ fi ń fún un. Bó bá ti lọ jíṣẹ́ tó sì padà dé, a ó jókòó lórí ibùsùn, a ó máa yẹ gbogbo ohun tí obìnrin náà sọ wò. Bó bá ní, "Ó ní kí n kí ẹ," àmì rere nìyẹn. Bó bá ní, "Ó bi mí pé ọmọ ìlú wo ni ẹ́," àmì tó ju ti àkọ́kọ́ lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ tó padà wá sọ pé obìnrin náà bèèrè bóyá ikọ́ tó ń ṣe mí ti lọ, mo dìde, mo lọ fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ìgbà tí a gbéyàwó, alárenà náà ló kọ́kọ́ jókòó sídìí oúnjẹ.

Nítorí náà mo rò pé mo mọ àmì kà. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń kà á lójú fóònù, níbi tí kò ti sí alárenà, tí ẹnikẹ́ni sì lè pe ara rẹ̀ ní ohunkóhun.

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ kìíní, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ó ti ń pè mí ní ọkàn òun. Ó ní òun kò rí oorun sùn nítorí mi. N kò tíì sọ fún un ju pé mo wà dáadáa lọ. Mo bi í pé kí ló rí nínú "mo wà dáadáa" tó gba oorun lójú rẹ̀, n kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn wà tó ń fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ ní àràárọ̀, tí wọ́n kọ àdúrà sí lára. Mo ṣe àmín títí. Mo bi í pé ọmọ mélòó ló bí, ó fi òdòdó ránṣẹ́. Mo bi í pé ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó tún fi òdòdó ránṣẹ́. Mo sọ fún ọmọ mi pé èmi àti ẹni tó ń gbin òdòdó ni mo rò pé a ń sọ̀rọ̀, ó ní kí n ní sùúrù.

Ìgbà yìí ni Ìyá Ìbejì kọ̀wé. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é nìyẹn, bó ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ náà nìyẹn. Nínú fọ́tò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ó wọ léèsì, ó wé gèlè, ó lo awò ojú, ó sì dúró níwájú àwọn òdòdó ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ìlàjẹ ni, etí ọ̀sà ní Bàrígà ló ń gbé, ẹja yíyan ló ń tà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò bèèrè bí mo ṣe rí tàbí irú iṣẹ́ tí mo ṣe. Ohun tó kọ ni pé: "Ẹ káàsán. Mo rí i pé Abúlé Òkúta lẹ wà. Ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ yìí, àbí àwa nìkan ni?"

Mo ní a ń gbọ́ ọ. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kì í dáhùn kíá. Mo lè kọ̀wé ní òwúrọ̀ kí n má gbọ́ nǹkan kan títí oòrùn fi máa wọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dé, yóò sọ ìdí rẹ̀: iná ló wà nídìí rẹ̀, ẹja kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ní òun ń lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́, òun yóò pè mí tí òun bá dé, yóò pè. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ẹni tó ń mú ọ̀rọ̀ kékeré ṣẹ kò wọ́pọ̀. Mo sọ fún un ní ọjọ́ kan pé orúnkún ń dùn mí, mo sì gbàgbé pé mo sọ ọ́. Ní bí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó bi mí pé èwo nínú orúnkún méjèèjì ni, òsì ni àbí ọ̀tún. Mo fi fóònù sílẹ̀ díẹ̀, mo wo orúnkún mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bèèrè èwo.

Ó sì máa ń ta kò mí. Mo kọ ọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan pé ẹja inú ọ̀sà àti ẹja tí wọ́n ń sìn lẹ́yìnkùlé, bí ata bá ti wọ̀ wọ́n, ọ̀kan náà ni. Ó dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ níta." Mo rẹ́rìn-ín sókè, èmi nìkan nínú ilé. Nínú gbogbo àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì yẹn, òun nìkan ni kò gbà pé mo gbọ́n. Ó bèèrè nípa ìyàwó mi láìfòyà, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ohun tó máa ń bí i nínú. Òun náà sọ fún mi nípa ọkọ rẹ̀, ọmọ apẹja láti ìran, tí kò mọ ẹja jẹ, tí eegun máa ń há a lọ́fun títí wọn yóò fi fún un ní ẹ̀bà gbẹrẹfu gbé mì.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ rí ojú ara wa lórí fóònù, òun ló pè, ọ̀sán gangan ni, láìlo pọ́dà, láìwé gèlè. Àgbọ̀n rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, àgbọ̀n mi lòun náà rí. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ bí a ṣe ń gbé fóònù kí ojú lè hàn. Nígbà tí ojú wá hàn, ó wò mí dáadáa, ó ní, "Ẹ ti gbó ju fọ́tò yẹn lọ." Mo ní òun náà. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Mo ròyìn gbogbo èyí fún ọmọ mi. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù àwọn tó ń fi fọ́tò ẹlòmíràn jẹun. Nínú ìbẹ̀rù yìí ló ṣe lọ sọ ọ́ fún àbúrò mi obìnrin, tó ti di Àlájà láti ìgbà tó ti fẹ́ ọkọ onímàle, tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa kò sì gbọ́dọ̀ pè ní ohun mìíràn. Àlájà dé ilé mi lọ́jọ́ kejì. Kò tíì jókòó tó fi bi mí pé ìdílé wo ni obìnrin náà ti wá, ta ni mo sì rán lọ ṣe ìwádìí.

Mo ní mo ti lé ní àádọ́rin ọdún.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, "ọjọ́ orí kì í dí ìwádìí lọ́wọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló rí nílé wa. Ará Ògùn ni àwọn òbí wa, Ṣómólú ni wọ́n tẹ̀dó sí, ṣùgbọ́n wọ́n kó ìwádìí dání láti ilé. Nígbà tí mo fẹ́ gbéyàwó, bàbá mi rán èèyàn lọ sí ìlú àwọn àna mi. Ẹni náà ṣe bí ẹni tó ń wá ilẹ̀ rà, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà àwọn aládùúgbò wọn, ó bèèrè bóyá wọ́n máa ń jà, bóyá àrùn kan wà nínú ìran, bóyá ìyá ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ rẹ̀. Àwọn àna mi náà rán ti wọn sí wa. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i nígbà yẹn, nítorí kò sẹ́ni tí kò ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọdé la jẹ́, àwọn òbí ló rán wọn, kì í ṣe àwa. Èmi tó jẹ́ pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti bá mi sọ̀rọ̀, tó ti bi mí nípa orúnkún, mo jókòó níwájú Àlájà, mo gbà kó lọ. Mo ti ń rí àmì rere, mo sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi fọwọ́ sí i.

Mo fi fọ́tò kékeré náà hàn án. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó ní ó ti tó. Ó mú báàgì ọjà, ó ní òun yóò ṣe bí ẹni tó wá ra ẹja.

Ìrọ̀lẹ́ ló padà dé, òórùn èéfín ti wọ aṣọ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó gbọn orí. Ó ní nígbà tí òun dé etí ọ̀sà, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja jókòó sídìí iná, gbogbo wọn fi ìborùn di imú nítorí èéfín. Òun lọ bá ọ̀kan tó dà bí àgbà láàárín wọn, òun ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, òun wá dọ́gbọ́n bi í pé ṣé ó mọ Ìyá Ìbejì kan níbẹ̀. Obìnrin náà wo òun tó bí ìṣẹ́jú kan. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, kí ni Àlájà fẹ́ mọ̀? Àlájà ní òun ní ẹ̀gbọ́n kan.

"Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́ o," Àlájà ní, "n kò fi kún un." Obìnrin náà ní ọwọ́ Ìyá Ìbejì mọ́ nínú òwò, ṣùgbọ́n olórí kunkun ni, orí kunkun tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó máa ń hanrun. Kò mọ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sè, kò sì fẹ́ kọ́ ọ. Ọkùnrin kan wá fẹ́ ẹ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ó lé e padà nítorí pé ọkùnrin náà jágbe mọ́ ẹnìkan tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bó bá ń bínú, kì í sọ̀rọ̀, yóò kàn máa ka ẹja lórí àwo, yóò kà á tán, yóò tún un kà. Obìnrin náà wá fi kún un pé bí ẹ̀gbọ́n Àlájà bá ń wá ìyàwó tí yóò máa ṣe "bẹ́ẹ̀ ni sà" fún un, kí wọ́n wí fún un kó wá ibòmíràn lọ.

Àlájà ní obìnrin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sọ báyìí nípa rẹ̀ fún àlejò, kò yẹ kí n tún máa bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo tó dára níbẹ̀ ni pé obìnrin tí òun bá sọ̀rọ̀ fún òun ní èènì tó pọ̀.

Mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nílé ìtẹ̀wé, mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn nípa ara wọn lórí kádì àti ìwé ètò ìsìnkú, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá kórìíra rẹ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ọwọ́ rẹ mọ́. Mo ń ro èyí lọ́wọ́, Àlájà sì ti bọ́ sí ilé ìdáná láti se ẹja náà, nígbà tí fóònù dún. Ohùn Ìyá Ìbejì ni, ó gbà á sílẹ̀ fún mi kí n gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Àbúrò yín tí ẹ rán sí mi dé. Imú yín ló ní. Ó bèèrè ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́ mi, mo sì dá a lóhùn. Ṣé ó jíṣẹ́ fún yín tán? Ẹ má pè mí o. Èmi ni n óò pè yín."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un gbọ́. Kò dún bí ẹni tó ń bínú, kò sì dún bí ẹni tó ń ṣeré. Mo gbé e lọ sí ilé ìdáná kí Àlájà gbọ́ tirẹ̀. Ó dúró pẹ̀lú síbí lọ́wọ́. Ó ní, "Ta ni mo wá bi nígbà náà?" Nígbà tó wá yé e, ó rọra jókòó sórí àpótí. Ó ní èéfín ni, gbogbo wọn ló di imú, ta ló máa mọ ẹni tó wé gèlè sí fọ́tò? Mo ní n kò bá a jà. Ó bo ìkòkò ọbẹ̀ náà dé, ó ní òun kò lè jẹ ẹja obìnrin náà mọ́, ojú ń ti òun. Nígbà tó yá, ó ṣí i, ó jẹ ẹ́. Ó ní ẹja náà dùn, kí Ọlọ́run dárí ji òun.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò dáa fún mi. Fóònù wà lórí tábìlì, kò sì dún. Mo kọ ọ̀rọ̀ àforíjì, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, mo tún pa á rẹ́, nítorí ó ti ní kí n má pe òun, kí ni mo fẹ́ fi hàn bí n kò bá lè gbọ́ ìyẹn? Mo rò ó pé kò sí ohun tó burú nínú ìwádìí, àṣà wa ni, òun náà mọ̀. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé obìnrin tó fi ojú láìlo pọ́dà hàn mí lọ́sàn-án gangan, mo fi aṣọ ọjà bo ẹlòmíràn rán sí i. Ilé náà dákẹ́. Nígbà tí mo bá ara mi tí mo ń bi tẹlifíṣọ̀n pé kí ló rò, mo dìde, mo pa á.

Ọmọ mi wá, mo sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tún gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín mọ́. "Dádì, ó ní òun máa pè yín. Ṣé ó ti sọ pé òun máa pè rí tí kò pè?" Mo ní rárá. "Ẹ jókòó nígbà náà."

Mo kúkú lọ jókòó sí ilé ìtẹ̀wé tí mo ti sọ fún Ìyá Ìbejì nípa rẹ̀. Ní Ṣómólú ló wà, lọ́nà tó já sí Onípànù. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, nígbà tí a ṣì ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú kádì ìgbéyàwó máa ń gba òwúrọ̀ kan gbáko kó tó dúró. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ló ń darí rẹ̀ báyìí, kọ̀ǹpútà ló sì ń to lẹ́tà. Wọ́n fi àga kan sílẹ̀ fún mi lẹ́yìn pátákó tí wọ́n fi pín yàrá, níbi tí mo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Ibẹ̀ ni mo wà ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọkùnrin kan wọlé.

Ó síngbọnlẹ̀, òórùn epo ẹ́ńjìnnì ń jáde lára rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ tẹ ìwé ètò ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bi í ní ọjọ́ ìdúpẹ́, kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi í ní orin tí wọ́n máa kọ, ó ní èyíkéyìí tó bá dára. Ó wá bi wọ́n pé, bàbá tó máa ń jókòó síbí yìí, irú èèyàn wo ni.

Mo ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo lè wúkọ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, wọn yóò sì yìn mí bí ẹni tó ń ka oríkì. N kò wúkọ́. Ó jọ mí pé gbèsè kan ṣoṣo tí mo jẹ obìnrin náà nìyẹn.

"Bàbá?" ni ẹni tó ń darí ẹ̀rọ wí. "Wàhálà ni bàbá yẹn o. A máa tẹ kádì igba tán, á rí kọ́mà kan tí kò sí níbẹ̀, á ní ká tún un tẹ̀."

"Tó bá ti jẹun tán, á sùn," ni ẹnìkejì rẹ̀ wí. "Tó bá jí, á ní òun ò sùn, òun ń ronú ni."

Ọkùnrin náà bèèrè bóyá mo máa ń mutí. Wọ́n ní máltì ni, ṣùgbọ́n bí mo bá ti mu ún tán, ìtàn yunifásítì ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ti gbọ́ títí tí wọ́n lè bá mi parí rẹ̀. Ó bèèrè bóyá mo máa ń bú wọn. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ní mo máa ń ṣàròyé láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n òun kò rántí ọjọ́ tí mo bú ẹnikẹ́ni, àfi ẹ̀rọ.

Ọkùnrin náà mú fóònù rẹ̀, ó bọ́ síta, ó fi èdè Ìlàjẹ sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ ju ìdajì lọ. Mo gbọ́ "máltì", mo sì gbọ́ ẹ̀rín obìnrin kan láti inú fóònù náà. Nígbà tó padà wọlé, mo ti dìde láti ẹ̀yìn pátákó. Àwọn òṣìṣẹ́ mi rí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kan nílẹ̀. Mo kí ọkùnrin náà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi dáadáa, ó sì dìde. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n má bá yín sọ̀rọ̀," ó bá tirẹ̀ lọ. Ìwé ètò ìdúpẹ́ kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu bà á.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Ìbejì pè. Kò kí mi púpọ̀. Ó ní kí ni yunifásítì yẹn ṣe fún mi tí n kò fi jẹ́ kí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn sinmi. Mo ní ṣé àbúrò rẹ̀ ni ọkùnrin náà. Ó ní àbúrò òun ni, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, kò mọ irọ́ pa rárá, ìdí tí òun fi rán an nìyẹn. Mo bi í bóyá ó bínú nígbà tí mo rán Àlájà.

"Mo bínú," ó ní. "Mo ka ẹja."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Mo wá bi í pé kí ló dé tí kò sọ dáadáa ara rẹ̀ fún Àlájà nígbà tí àyè wà, ọ̀pọ̀ èèyàn ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́ iná tó ń ta pàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Dáadáa mi, ẹ máa rí i fúnra yín. Àléébù mi lẹ máa bá gbé." Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi náà, kì í ṣe ẹni tí kò ní àléébù ni mò ń wá. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni mo fẹ́ mọ̀ bóyá òun náà ló ń gbé Abúlé Òkúta."

Mo bi í pé, "Ṣé òun náà ni?"

"Òun náà ni. Ó tilẹ̀ ń ṣàròyé bó ṣe ń ṣàròyé."

Ó ní òun yóò wá wo ilé mi ní ọjọ́ Sátidé. Òun kò fẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe. Bí mo bá kun ilé, òun yóò gbọ́ òórùn ọ̀dà. Bí mo bá pe ẹnìkan wá gbálẹ̀, òun yóò mọ̀. Àlájà ní òun yóò wà níbẹ̀ láti gbà á lálejò, mo ní kó má ṣe jẹ́ kí n rí i láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó ní ó dára, ó sì fi ìkòkò omi ọbẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọmọ mi.

Mo pa òfin mọ́. Mo fi ìwé sílẹ̀ lórí àga bí wọ́n ṣe wà. Mo fi ife tí mo fi mu tíì sílẹ̀ lórí fèrèsé. Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣe. Fọ́tò ńlá ìyàwó mi wà lára ògiri pálọ̀, èyí tó yà nígbà tí a kọ́kọ́ kó wọ ilé náà. Ní òwúrọ̀ Sátidé mo gun orí àga, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo gbé e lọ sí yàrá, mo dojú rẹ̀ kọ ògiri. Mo rò pé ó bójú mu bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó ń bọ̀. Mo kí ìyàwó mi, mo ní kó jọ̀ọ́, kí a ṣáà rí bí yóò ṣe rí.

Ó dé ní ọ̀sán, òun nìkan, ó wọ àńkárá lásán, ó gbé ẹja tó fi ìwé wé. Ó kúrú ju bí mo ṣe rò lọ. A kí ara wa bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí, ojú sì ti àwa méjèèjì díẹ̀. Ó wo àwọn ìwé, ó wo ife orí fèrèsé, ó mi orí, inú rẹ̀ dùn sí i. Lẹ́yìn náà ó wo ògiri. Ìgbà yẹn ni èmi náà rí i: ibi tí fọ́tò náà wà mọ́ ju ìyókù lọ, ó mọ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìṣó sì wà lókè.

"Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Mo sọ fún un.

Ó tẹjú mọ́ ìṣó náà, ẹ̀rù sì bà mí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹja. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹja tó mú wá sórí tábìlì, ó ní, "Mo ní kí ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Ẹ lọ gbé wọn wá."

Mo gbé e wá. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu gíláàsì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà, ó sì wò ó pẹ́. Ó ní ojú wọn dákẹ́, ó jọ pé wọ́n ní sùúrù. Mo ní wọn kò ní in rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn dára. Ó fa àga sábẹ́ ìṣó náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó má yẹ̀, ó ní kí n gùn ún, kí n rántí orúnkún òsì. Mo gùn ún. Mo gbé fọ́tò náà kọ́.

"Ó wọ́ sí ọ̀tún," ó ní láti ìsàlẹ̀. "Ẹ gbé e sí ibí díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó ti dáa, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ó ràn mí lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó dá àga náà padà sí ààyè rẹ̀, ó jókòó sórí rẹ̀, ó tú gèlè kékeré tó wé, ó sì bi mí pé ṣé omi tútù wà nínú ilé, ọ̀nà ti gbẹ òun lọ́fun.